Oríkèé ló ń dùn mí, kí ló dé tí dókítà ń béèrè nípa ọkàn mi?

Ìbéèrè: Ọwọ́ àti orúnkún ni làkúrègbé rheumatoid ń bá jà. Kí ló kan iṣan ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀?

Ó kàn án gan-an. Èyí kì í ṣe làkúrègbé ọjọ́ ogbó. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àrùn, ló kọjú ìjà sí ara tí wọ́n ń ṣọ́. Oríkèé la ti ń rí i: á wú, á gbóná, á le gan-gan láàárọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà tí wọ́n ń tú jáde nínú ìjà náà, bíi TNF àti interleukin-6, kì í dúró sí oríkèé. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé wọn kiri gbogbo ara.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó bo inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń pèsè nitric oxide, tó ń mú kí iṣan dẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá. Bí àwọn èròjà yẹn bá ń dà á láàmú lọ́dún dé ọdún, iṣẹ́ yìí á dín kù, iṣan á máa le, ọ̀rá á máa wọ ara ògiri rẹ̀, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á sì há. Ibẹ̀ ni àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ti ń wá. EULAR, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ làkúrègbé ní Yúróòpù, tilẹ̀ gba àwọn dókítà nímọ̀ràn pé bí wọ́n bá ṣírò ewu ọkàn aláìsàn yìí tán, kí wọ́n fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ní cholesterol mi, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kò ga. Ṣé mo ti bọ́ nìyẹn?

Rárá o. Ibí yìí gan-an ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Nígbà tí àìsàn yìí bá ń gbóná, cholesterol a máa lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ewu ọkàn ń ga sí i. Bí oògùn bá wá mú ìjà náà rọlẹ̀, cholesterol lè gòkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ìyẹn pa oògùn tì. Ẹ bá dókítà yín sọ ọ́. Ìgbà tí ara bá rọlẹ̀ ló dára jù láti yẹ cholesterol wò.

Ìbéèrè: Oògùn ńkọ́?

A ti rí i pé àìsàn ọkàn kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tó ní làkúrègbé yìí tí wọ́n ń lo methotrexate, oògùn tó ń mú ìjà náà rọlẹ̀. Àwọn oògùn ìrora bíi diclofenac àti ibuprofen ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí wọ́n lè mú ẹ̀jẹ̀ ru, àwọn èèyàn sì ń dá wọn lò fún oṣù púpọ̀. Sìteróọ̀dì náà lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ìbéèrè: Sìgá ńkọ́?

Ẹ jáwọ́. Ó ń dá kún ohun tó ń fa làkúrègbé yìí, ó sì ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé àyà á dùn mí kí n tó mọ̀?

Ó lè má dùn yín. Ìkọlù ọkàn lè dé bá ẹni tó ní àìsàn yìí láìsí ìrora àyà. Bí èémí bá ṣàdédé ń há, tàbí tí òógùn tútù bo ara, tàbí tí àárẹ̀ tí ẹ ò mọ̀dí rẹ̀ gbé yín ṣubú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ní làkúrègbé rheumatoid.