Nígbà tí ìgboro bá kọjá 200,000: bí ìkànìyàn ṣe ń yí òfin owó bọ́ọ̀sì padà ní Amẹ́ríkà

Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, 125,990 ni gbogbo ará ìlú Fargo, ní ìpínlẹ̀ North Dakota lápá àríwá Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, láti ọdún ìṣúná 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ka Fargo mọ́ àwọn ìgboro tó lé ní 200,000, òfin tó de owó bọ́ọ̀sì wọn sì ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà méjèèjì síra á rò pé ẹnì kan ṣì í kà. Wọn ò ṣì í kà. Ohun tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀kejì yẹn kì í ṣe ìlú rárá.

Ìlú ní ààlà, ó ní méyọ̀, ó ní ibi tí agbára àtigba owó orí rẹ̀ mọ. Ìgboro, lójú Àjọ Ìkànìyàn Amẹ́ríkà, kò ní ìkankan nínú wọn. Ibi tí ilé bá fún mọ́ra dé ni ìgboro dé. Ní Fargo, ẹni tó bá sọdá odò Red River ti bọ́ sí Moorhead, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, níbi tí èèyàn 44,505 ń gbé. Bó bá yíjú sí ìwọ̀-oòrùn, West Fargo ló máa kàn, pẹ̀lú èèyàn 38,626. Ìlú mẹ́ta, ìpínlẹ̀ méjì, àmọ́ ilé ò dáwọ́ dúró láàárín wọn. Tí a bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ìletò ẹ̀gbẹ́ wọn, ó di 216,214. Ní 2010, 176,676 ni. Nọ́ńbà ìgboro yìí ni FTA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò fún ìjọba àpapọ̀, fi ń pín owó. Iye èèyàn tó wà lábẹ́ méyọ̀ kọ́ ni wọ́n ń wò.

Bí wọ́n ṣe ń fa ìlà ìgboro yìí ló dùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó jọ iná tí wọ́n ṣá sí igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ti gé gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń pe ẹyọ kan ní búlọ́ọ̀kù ìkànìyàn. Láàárín ìlú, búlọ́ọ̀kù kan kì í sábà ju ilẹ̀ tí títì mẹ́rin yí ká. Koríko gbígbẹ ni ilé. Níbi tí koríko bá ti ki tó, ìyẹn ilé 425 ó kéré tán lórí ilẹ̀ tó gùn ní máìlì kan tó sì fẹ̀ ní máìlì kan, ibẹ̀ ni iná ti ń mú. Láti ibẹ̀, á máa jẹ lọ sára àwọn búlọ́ọ̀kù tó fara kàn án, bí koríko ibẹ̀ tiẹ̀ fọ́n ká díẹ̀, tó jẹ́ ilé 200 lórí ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà. Ilé ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Títí di 2010, orí èèyàn ni wọ́n ń kà láti mọ bí ibì kan ṣe ki tó. Ní 2020 ni wọ́n yí i padà.

Iná á wá dé ibi tí koríko ti tán. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán ló là á, iná á tẹ̀ ẹ́ kọjá: búlọ́ọ̀kù mìíràn tó ki, tí kò ju ìdajì máìlì lọ lójú títì, á di ara ìgboro. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ńlá, ìyẹn àlàfo tó ju ìdajì máìlì lọ, ó di ohun tí màjàlà nìkan lè gbé iná kọjá, òfin sì ní màjàlà ò lè fò ju máìlì 1.5 lọ. Ní 2010, máìlì 2.5 ló lè fò. Máìlì kan tí wọ́n gé kúrò yẹn tó láti mú kí àdúgbò tó wà nínú ìgboro tẹ́lẹ̀ bá ara rẹ̀ níta, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó kúrò níbẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí àpèjúwe iná yìí ti kùnà ni odò. Iná gidi máa ń kú létí omi, àmọ́ Àjọ Ìkànìyàn kì í ka ibi tí omi gbà mọ́ ìwọ̀n ìfò, nítorí kò sẹ́ni tó lè kọ́lé sójú omi. Bí iná ìgboro ńlá méjì bá sì pàdé, wọ́n á wo ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé àti ibi tí wọ́n ń lọ ṣiṣẹ́ láàárọ̀, kí wọ́n tó pinnu ibi tí wọ́n máa ya wọ́n sí.

Ọgbọ́n gidi wà nínú èyí. Olóṣèlú ò lè fa ààlà ìlú gùn kí owó lè pọ̀, kò sì lè gé e kù kí òfin má baà kàn án. Ilé ló ń sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń pẹ́ kó tó dénú àpò. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2020 ni ọjọ́ ìkànìyàn. Ọjọ́ 29 oṣù kejìlá 2022 ni wọ́n gbé orúkọ àwọn ìgboro jáde. Ọdún ìṣúná 2024, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2023, ni owó àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé nọ́ńbà tuntun jáde. Ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ nìyẹn, nọ́ńbà ọ̀hún ò sì ní yẹ̀ títí ti ìkànìyàn 2030 á fi jáde. Àwọn ìlú yunifásítì tún ní ìṣòro tiwọn. Gainesville, ní Florida, kúrò ní 187,781 bọ́ sí 213,748, bẹ́ẹ̀ oṣù tí àrùn Kòrónà lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé òbí wọn gan-an ni wọ́n ń ka èèyàn. Òfin ní kí wọ́n ka akẹ́kọ̀ọ́ sí ibi tó máa ń gbé tẹ́lẹ̀, ìyẹn ìlú yunifásítì. Gbogbo òbí tó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sílé ti dín iye ìlú náà kù fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà lójú ọ̀nà owó. Àkọ́kọ́ ni 50,000. Ibi tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ ń gba owó ìgbèríko, abala 5311 nínú òfin ọkọ̀ èrò ìjọba àpapọ̀, láti ọwọ́ ìpínlẹ̀. Ibi tó bá tó bẹ́ẹ̀ bọ́ sí abala 5307, owó ìgboro. Bozeman, ní Montana, gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá: ìlú náà nìkan tiẹ̀ kúrò ní 37,280 ní 2010 bọ́ sí 53,293 ní 2020. Irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ìgbìmọ̀ ètò ìrìnnà tí wọ́n ń pè ní MPO sílẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn láàárín gómìnà àtàwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó ṣojú ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ibẹ̀. MPO ló ń kọ ètò ogún ọdún àti ìwé iṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Iṣẹ́ tí kò bá sí nínú ìwé náà kò lè rí owó ìjọba àpapọ̀. Bọ́ọ̀sì tó bá ń ti ìgboro lọ sí abúlé á di ẹlẹ́nu méjì: wọ́n gbọ́dọ̀ pín wákàtí rẹ̀, kí owó ìgboro san apá tirẹ̀, kí owó ìgbèríko san tirẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà kejì, 200,000, ni àwọn èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ìgboro tó bá kọjá ibẹ̀, ìjọba á gba owó bọ́ọ̀sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó náà tiẹ̀ lè pọ̀ sí i, nítorí yàtọ̀ sí iye èèyàn àti bí wọ́n ṣe fún mọ́ra, ìṣirò tuntun tún ń ka máìlì tí bọ́ọ̀sì rìn. Kì í tún gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. Tààrà ló ń lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n yàn láti gbà á. Ohun tó yí padà ni ohun tí wọ́n lè fi owó náà ṣe.

Ká ní ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kan ń ná mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ́dún kí ọkọ̀ lè máa rìn: owó oṣù awakọ̀, dísù, ìbánigbófò, àtúnṣe. Owó ọkọ̀ tí èrò ń san jẹ́ mílíọ̀nù 1. Ó ku mílíọ̀nù 9. Bí ìgboro ò bá tó 200,000, ìjọba àpapọ̀ lè san ìdajì, mílíọ̀nù 4.5, kí ìlú àti ìpínlẹ̀ san ìdajì yòókù. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá tún fẹ́ ra bọ́ọ̀sì 600,000 dọ́là, ìjọba àpapọ̀ lè san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 480,000. Bí ìgboro bá ti kọjá 200,000, ti ríra ọkọ̀ ò yẹ̀, àmọ́ mílíọ̀nù 4.5 tó ń lọ sí ìrìn ojoojúmọ́ ti dèèwọ̀, àfi fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí bọ́ọ̀sì wọn ò pọ̀, tí a máa dé ọ̀dọ̀ wọn níwájú. Ó dà bí ẹ̀gbọ́n tó ra mọ́tò fún àbúrò rẹ̀, tó ní òun ò ní bá a ra epo sí i láéláé. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè rí bọ́ọ̀sì tuntun tó ń dán nínú ọgbà, nígbà tí bọ́ọ̀sì ọjọ́ Àìkú ti dáwọ́ dúró.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí àwọn oníṣirò owó ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì mọ̀ dunjú: àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe kí ọkọ̀ má baà bàjẹ́. Òfin ka irú àtúnṣe yẹn mọ́ owó ohun èlò, kì í ṣe owó ìrìn. Mẹkáníìkì tó ń pààrọ̀ búréèkì bọ́ọ̀sì kan lóru, ìjọba àpapọ̀ lè san ìdá 80 nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ tó gbé bọ́ọ̀sì kan náà jáde ní aago márùn-ún ìdájí, kọ́bọ̀ ò sí fún un. Ká ní mílíọ̀nù 2.5 nínú mílíọ̀nù 10 yẹn jẹ́ ti àtúnṣe, tí wọn ò sì tíì yà á sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ á san mílíọ̀nù 2 níbẹ̀, ìlú á fi 500,000 kún un. Mílíọ̀nù 6.5 tó kù lẹ́yìn owó ọkọ̀ di ti ìlú pátápátá. Àpapọ̀ tí ìlú máa san kúrò ní mílíọ̀nù 4.5, ó di mílíọ̀nù 7. Ihò mílíọ̀nù 2.5 ló ṣẹ́ kù, bí wọ́n tiẹ̀ lo ọgbọ́n yìí dáadáa. Wọ́n tún lè fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n pín fún wọn ṣètò ọkọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, àmọ́ ìyẹn ò lè dí ihò náà tán.

Ọdún 1998 ni òfin ti fòpin sí owó ìrìn fún àwọn ìgboro ńlá. Nígbà tí ìkànìyàn 2000 gbé ọ̀pọ̀ ìgboro kọjá ìlà, Ilé Aṣòfin sáré ṣe òfin ìdẹ̀kùn ní 2002. Ní 2012 ni wọ́n wá gbé ìlànà tó wà títí di òní kalẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó ń jáde lásìkò tí èrò pọ̀ jù lójúmọ́ ò bá ju 75 lọ, lè ná tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín rẹ̀ sórí ìrìn. Láti 76 dé 100, ìdá 50. Bó bá di 101, ó tán. Ibi tí bọ́ọ̀sì MATBUS ti Fargo àti Moorhead ti rí ààbò nìyí, nítorí wọn ò tó 75.

Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tó ga fíofío ni ìlànà náà. Ilé-iṣẹ́ tó ní bọ́ọ̀sì 75 lásìkò èrò, tí ìpín rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 8, lè ná mílíọ̀nù 6 sórí ìrìn. Ọjọ́ tó bá fi bọ́ọ̀sì kan kún un, ó di mílíọ̀nù 4. Bọ́ọ̀sì kan gba àṣẹ mílíọ̀nù 2. Bọ́ọ̀sì tó jáde ni wọ́n ń kà, kì í ṣe èyí tó wà nínú ọgbà, nítorí náà ohun tó kù tí aṣètò ìrìn lè ṣe ni kó yí aago padà: kó jẹ́ kí ọkọ̀ ọ̀nà iléèwé jáde ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, kí bọ́ọ̀sì kan náà lè padà wá gbé òṣìṣẹ́. Irú iṣẹ́ ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ì bá dára jù bó bá jẹ́ nítorí èrò tó ń dúró nínú òtútù ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Àdánù kejì kì í hàn tètè. Àwọn ìgboro tí kò tó 200,000 ní owó àfikún tí wọ́n ń pè ní STIC, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó abala 5307. Nǹkan mẹ́fà ni wọ́n ń wò, bí iye ìgbà tí èrò wọkọ̀ àti máìlì tí bọ́ọ̀sì rìn fún orí kọ̀ọ̀kan. Ìgboro kékeré tó bá ṣe dáadáa tó àwọn tó wà láàárín 200,000 sí 999,999 nínú ìkankan á gba owó lé e lórí. Àwọn ìlú yunifásítì máa ń rí i gbà dáadáa, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọjá 200,000, owó yẹn tán, àwọn fúnra wọn sì di ara òṣùwọ̀n tí wọ́n á máa fi wọn àwọn ẹlòmíì.

Àwọn tó gbèjà ìlà 200,000 sọ pé ìgboro ńlá lágbára owó orí tó lè fi san awakọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ètò náà ti já. Ilé ni wọ́n fi fa ìlà ìgboro, wọ́n sì fojú fo ààlà ìlú àti ti ìpínlẹ̀. Àmọ́ nígbà tí owó awakọ̀ bá délẹ̀, ààlà tí wọ́n fojú fò yẹn ló padà wá ń pàṣẹ. Fargo ò lè gba owó orí ní Moorhead. West Fargo ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Minnesota àti North Dakota ní ilé aṣòfin méjì tí ètò ìṣúná wọn ò papọ̀. Kò sí ẹnì kankan tó ń jẹ́ ìgboro 216,214 tí èèyàn lè kọ̀wé owó sí. Ìdagẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí àṣẹ owó ìrìn máa dín kù díẹ̀díẹ̀ láti 150,000 lọ dé 300,000, dípò ògiri kan ṣoṣo.

Ní ìpínlẹ̀ South Dakota, ìgboro Sioux Falls wà ní 194,283 nínú ìkànìyàn 2020. Èèyàn 5,717 ló kù kó dé ìlà. Títí orúkọ àwọn ìgboro tuntun á fi jáde lẹ́yìn ìkànìyàn 2030, wọ́n lè máa fi owó abala 5307 san awakọ̀ wọn. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún wọn báyìí ni kí wọ́n ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ kúrò lára owó ìrìn nínú ìwé wọn, kí wọ́n mọ iye bọ́ọ̀sì tó ń jáde lásìkò èrò, kí wọ́n sì ti fẹnu kò lórí ìjọba tó máa san owó awakọ̀ ọjọ́ Àìkú.