Ìdí tí Sọ́fítíwià Fi Máa Ń Yí Èdè Padà Láìyí I Tán

Ẹni tó bá yí èdè sọ́fítíwià orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sí Faransé lè rí i pé àkọlé òkè ti di Faransé, pé bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì, àti pé àpótí tí a ti ń ṣí fáìlì tún ń sọ èdè mìíràn pátápátá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìtumọ̀ ni wọn kò ṣe parí. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń wọ́ ni pé fèrèsé kan ṣoṣo kì í ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá: orísun mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń kó ọ̀rọ̀ sí i, oníkálukú wọn ló sì ń pinnu èdè tí òun yóò sọ.

Ká mú gettext, irinṣẹ́ ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ ń lò lórí Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. Inú kóòdù ni gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì wà. Àwọn olùtumọ̀ a kọ tiwọn sínú fáìlì .po, a ó sì sọ ìyẹn di fáìlì .mo tí kọ̀ǹpútà lè tètè kà. Nígbà tí bọ́tìnnì kan bá fẹ́ hàn, sọ́fítíwià a mú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ wá ìtumọ̀ inú .mo. Bí kò bá rí i, kò ní kígbe pé àṣìṣe wà; Gẹ̀ẹ́sì tó mú lọ náà ni yóò mú bọ̀. Ọgbọ́n tó dára ni, nítorí bọ́tìnnì tó ní Gẹ̀ẹ́sì lára sàn ju bọ́tìnnì òfìfo lọ, àmọ́ òun náà ló ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹni tó kọ kóòdù lè yọ àmì ìdánudúró kan péré kúrò nínú gbólóhùn, kí ìtumọ̀ tó ti wà tipẹ́ má sì bá a mu mọ́. Msgmerge, irinṣẹ́ inú gettext, a so ìtumọ̀ àtijọ́ náà mọ́ gbólóhùn tuntun, a fi àmì "fuzzy" (kò dájú) sí i kí ènìyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò, msgfmt, irinṣẹ́ tó ń sọ .po di .mo, kò sì ní kó irú rẹ̀ sínú .mo àyàfi tí a bá pàṣẹ fún un. Ìtumọ̀ wà nílẹ̀, síbẹ̀ kò dé ojú kọ̀ǹpútà. Ní ti ọ̀rọ̀ tí a yà sínú àwòrán, gettext kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Àpótí ìṣí fáìlì ní tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ohun àyálò. Lórí Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ló ni ín, nítorí náà èdè Windows ló máa ń sọ. Bákan náà ni Qt, tí wọ́n fi ń ṣe fèrèsé àti bọ́tìnnì, ní fáìlì ìtumọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ bíi "Cancel". Bí àwọn tó di sọ́fítíwià náà bá gbàgbé láti kó o mọ́ ọn, Gẹ̀ẹ́sì ni bọ́tìnnì yẹn yóò máa sọ bí olùtumọ̀ tilẹ̀ ti ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bí orúkọ oṣù bá sì wà ní èdè mìíràn, ìyẹn kì í ṣe àléébù rárá: lórí Linux, ààtò tí a ń pè ní LC_TIME ló ń darí rẹ̀, LC_MESSAGES ló sì ń darí ọ̀rọ̀ ojú fèrèsé, kí ènìyàn lè yan èyí láìfọwọ́ kan ìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àsìkò. Ọ̀rọ̀ tó ti wà lára bọ́tìnnì kì í yí fúnra rẹ̀. Qt a kéde pé èdè ti yí, ṣùgbọ́n kóòdù gbọ́dọ̀ gbọ́ ìkéde náà kí ó sì tún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mú wá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń ní kí a pa sọ́fítíwià kí a sì tún un ṣí. Lórí Linux, ìyẹn pàápàá lè má tó, nítorí sọ́fítíwià tí a tún ṣí ń jogún LANG, ààtò tó ń sọ èdè tí a yàn, láti ọ̀dọ̀ ojúlé kọ̀ǹpútà (desktop) tó ṣí i, èdè tí ojúlé náà sì bá nílẹ̀ nígbà tí a wọlé ló ṣì dì mú, títí a ó fi jáde kí a sì tún wọlé.