Bí Tai Chi Ṣe Ń Kọ́ Ara Láti Dúró Láìṣubú

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń ṣe tai chi ní ìdájí nínú ọgbà ìgbafẹ́ ní Beijing lè rò pé ijó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ìjà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìdílé Chen ní abúlé Chenjiagou, ní ìpínlẹ̀ Henan, ti ń fi kọ́ ọmọ wọn láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, kí Yang Luchan, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kì í ṣe ọmọ ìdílé náà, tó kọ́ ọ níbẹ̀, tó sì gbé e dé Beijing. Ní 1956, àjọ eré ìdárayá ìjọba Ṣáínà gé e kúrú sí ìṣísẹ̀ 24 kí ará ìlú lè máa fi tọ́jú ara wọn.

Nǹkan mẹ́ta ni ọpọlọ fi ń mọ bí ara ṣe dúró: ojú, ẹ̀yà inú etí tó ń mọ̀ bí orí bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àti ìmọ̀lára àtẹ́lẹsẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ àti orúnkún. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè ni iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dín kù, tí iṣan itan náà sì ń rọ, nítorí náà bí ẹsẹ̀ bá kọ, ara kì í tètè rí ara rẹ̀ gbà dúró.

Ibi tí tai chi ti wọ̀ ọ́ nìyí. Nínú ìrìn ojoojúmọ́, eré tí ara ń bá bọ̀ ló ń gbé ìwúwo rẹ̀ kọjá láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, débi pé ẹni tí ń rìn kì í mọ ìgbà tó wà lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Tai chi mú eré náà kúrò pátápátá. Orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn á dúró ṣánṣán, gìgísẹ̀ iwájú á fara kan ilẹ̀ láìgbé ẹrù kankan, lẹ́yìn náà ni ìwúwo á máa ṣí lọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń da omi láti inú igbá kan sí òmíràn, títí ẹsẹ̀ kan á fi kún tí èkejì á sì ṣófo. Kíkún àti ṣíṣófo náà ni àwọn olùkọ́ Ṣáínà ń pè é. Bí ẹsẹ̀ tó ṣófo kò bá ṣeé gbé nílẹ̀ nígbàkígbà láìjẹ́ pé ara mì, ìwúwo kò tíì ṣí tán.

Qigong, eré ìdárayá Ṣáínà mìíràn tó ń so ìṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pọ̀ mọ́ èémí, kì í sábà rìn jìnnà. Baduanjin, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ ìṣe mẹ́jọ tí ènìyàn lè ṣe lójú kan, tí èémí ń gba imú wọlé jẹ́jẹ́ títí ìsàlẹ̀ ikùn á fi wú. Àwọn ará Ṣáínà gbà pé qi, agbára tí ń ṣàn nínú ara, ni èyí ń darí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ qi gbọ́ ṣì lè jàǹfààní nínú èémí tó rọlẹ̀ àti iṣan tó le sí i.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, kó ènìyàn 195 tó ní àrùn Parkinson, àrùn ọpọlọ tó ń mú kí ìrìn àti ìdúró nira, jọ, wọ́n sì pín wọn sí mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àwọn tó ṣe tai chi dúró dáadáa ju àwọn tó na iṣan àti àwọn tó gbé ìwúwo lọ, wọn kò sì ṣubú tó àwọn tó na iṣan.

Orúnkún ló yẹ kí ènìyàn ṣọ́ jù: ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ dojú kọ ni kí ó dojú kọ, nítorí yíyí i sódì lábẹ́ ìwúwo ni ó máa ń dá ìrora sílẹ̀. Ẹni tí kò tíì lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ kan lè gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó fi ìka kan kàn án. Ọjọ́ tí ìka náà kò bá rí iṣẹ́ ṣe mọ́ ni kí ó gbé àga kúrò.