Gbígba Sáìtì Padà Nígbà Tí Kò Sí Backup

Bí sáìtì bá dàwátì, tí fáìlì rẹ̀ kò sí, tí backup (ẹ̀dà tí a fi pamọ́) náà kò sì sí, ohun tó máa ń yá èèyàn lára ni kó tún un gbé kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ohun tuntun tí ẹ bá kó sórí server (kọ̀ǹpútà tí sáìtì ń gbé lórí rẹ̀) lè bo èyí tó ṣẹ́kù mọ́lẹ̀ pátápátá.

Sáìtì tó ń lo WordPress, ìyẹn ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́ sáìtì, pín sí ọ̀nà méjì: fáìlì, ìyẹn kóòdù àti àwòrán, àti database, níbi tí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ wà gan-an. Fáìlì lè pòórá kí gbogbo àpilẹ̀kọ yín ṣì wà nínú tábìlì wp_posts láìfarapa. Nítorí náà, ẹ yára bi ilé-iṣẹ́ hosting yín (àwọn tó gba sáìtì yín sórí server wọn) bóyá database ṣì wà, àti bóyá àwọn fúnra wọn ní ẹ̀dà server. Wọn kì í sábà tọ́jú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ pẹ́. WordPress fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti tún rí; ọ̀fẹ́ ni.

Tí wọ́n bá ní kò sí, ẹ wá ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò pè ní backup. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn èèyàn tọ́jú kóòdù, ṣèèṣì pa database wọn rẹ́, àwọn backup tí wọ́n gbójú lé kò sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà tí wọ́n ti ṣe ní nǹkan bíi wákàtí 6 ṣáájú, láti fi dán nǹkan mìíràn wò, ló yọ wọ́n. Ẹ bi ẹni tó kọ́ sáìtì náà bóyá èyí tó fi ń dán iṣẹ́ wò ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ tú ímeèlì tí ẹ ti fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ wò.

Lẹ́yìn náà ni Wayback Machine ti Internet Archive, ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀dà àwọn sáìtì pamọ́ sí, tó ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti 2001. Ojú ìta sáìtì ló ń yà, ìyẹn ohun tí àlejò rí. Kóòdù PHP, database àti ojú-ewé tó wà lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù kò sí níbẹ̀. Nínú àdírẹ́sì ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rìnlá tó tò tẹ̀léra, tó ń sọ ọjọ́ àti àkókò. Tí ẹ bá fi id_ tẹ̀lé e láìfi àyè sílẹ̀, ojú-ewé náà yóò jáde bó ṣe wà gan-an, láìsí ohun tí Wayback fi kún un. Ohun kékeré ni, àmọ́ ó ń dín wàhálà kù púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ṣe àdàkọ ọgọ́rùn-ún ojú-ewé. Àwọn kan ṣì máa ń ní kí èèyàn wo ẹ̀dà tí Google pa mọ́. Google ti gbé ìyẹn kúrò ní 2024.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ jẹ́ kí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan padà sórí àdírẹ́sì tó wà tẹ́lẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo líǹkì tó wà níbòmíràn ṣì ń darí àwọn èèyàn sí. Èyí tí kò bá ṣeé ṣe fún, ẹ fi redirect 301 sí i, ìyẹn àṣẹ tó ń gbé àlejò láti àdírẹ́sì àtijọ́ lọ sí tuntun.