Iye ipò nínú nọ́ńbà odidi àti désímà

Iye ipò ni ìlànà tó ń jẹ́ kí fígọ̀ kan náà dúró fún iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí bá ṣe rí. 7 tó wà nínú 4,738 kì í ṣe méje, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni. 7 tó wà nínú 4,873 kò ju àádọ́rin lọ. Fígọ̀ mẹ́wàá péré, láti 0 dé 9, la fi ń kọ nọ́ńbà, bó ti wù kó tóbi tó tàbí kó kéré tó. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti mọ òǹkà Yorùbá nílé kí wọ́n tó dé iléèwé, ẹ̀kọ́ yìí ní wàhálà tirẹ̀: òǹkà ẹnu àti òǹkà orí ìwé kì í gba ọ̀nà kan náà.

Òǹkà ẹnu àti òǹkà ìwé

Ogún ni òǹkà Yorùbá dúró lé, ó sì máa ń yọ kúrò ju bó ṣe ń fi kún lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pe 4,738 á ní "ẹgbàajì ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin àti méjìdínlógójì". Tí a bá tú u palẹ̀, ẹgbàajì ni ẹgbàá méjì, ìyẹn 2,000 lọ́nà méjì. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin jẹ́ igba mẹ́rin tí a yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Méjìdínlógójì jẹ́ ogún méjì tó dín ní méjì. Ohun tí etí gbọ́ ni èjì, ẹ̀rin, èjì àti èjì. Ohun tí ọwọ́ máa kọ ni 4, 7, 3 àti 8. Ìkankan kò bára mu.

Èyí kò sọ òǹkà Yorùbá di aláìpé. Owó ẹyọ ni wọ́n fi ń kà láyé àtijọ́: ogójì ẹyọ lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Fún ẹni tó ń ka ẹrù lójú ọjà, ètò náà gún régé. Orí ìwé ni nǹkan ti yàtọ̀, torí mẹ́wàá nìkan ni nọ́ńbà tí a ń kọ fi ń di ìdì, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa pe nọ́ńbà lọ́nà méjì: orúkọ rẹ̀ gan-an, lẹ́yìn náà ipò rẹ̀, bíi "ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún méje, mẹ́wàá mẹ́ta, ẹyọ mẹ́jọ". Ìpè kejì yìí kì í dùn létí àgbà, ṣùgbọ́n òun ló bá ohun tó wà lórí pátákó mu.

Dídì ní mẹ́wàá-mẹ́wàá

Igi ìgbálẹ̀ ló dára jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Ìdérí ìgò ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kó wá sí kíláàsì, àmọ́ ìdérí kò ṣeé dì, dídì sì ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ka igi mẹ́tàlélógún, fi rọ́bà so wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìdì méjì ló máa wà, ẹyọ mẹ́ta á ṣẹ́kù: 23. Fi igi mẹ́sàn-án kún un. Ẹyọ ti di méjìlá, bẹ́ẹ̀ ipò kan kò gbà ju 9 lọ. So mẹ́wàá nínú wọn, kó o sọ́dọ̀ àwọn ìdì yòókù. Ìdì di mẹ́ta, ẹyọ ku méjì: 32. Bí ìdì bá pé mẹ́wàá, kó wọn sínú ọ̀rá kan. Ọ̀rá yẹn ni ọgọ́rùn-ún.

Nínú àyọkúrò, ìdì kan la máa tú. Ohun tí wọ́n ń pè ní "yíyá" ní kíláàsì kì í ṣe ẹ̀yáwó rárá, torí kò sẹ́ni tó ń dá a padà, ṣẹ́ńjì ni. Ẹni tó fún ọlọ́jà ní ₦1,000 kan, tó gba ₦100 mẹ́wàá, owó rẹ̀ kò dín, kò sì lé.

Òdo

Òdo ló ń di ipò tó ṣófo mú. Ọmọ tó gbọ́ "ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùn-ún" lè kọ 3005, torí ó kọ 300 tán, ó wá kọ 5 tẹ̀ lé e. Òmíràn á kọ 35. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: gé páálí gígùn kan, kọ 300 sí i, gé kékeré kan, kọ 5 sí i, gbé kékeré yìí lé òdo tó kẹ́yìn lórí páálí gígùn. 305 á hàn, ọmọ á sì rí i pé òdo àárín kò kúrò níbẹ̀. Kọ́mà inú nọ́ńbà ńlá, bíi 1,250,000, kò ní iye kankan. Ọwọ́ ọ̀tún la ti ń ka fígọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta láti fi í sí i.

Désímà

Bí a bá ń lọ sí ọwọ́ òsì, ipò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ipò tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Bí a bá ń padà bọ̀ sí ọ̀tún, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń dà. Désímà kò mú òfin tuntun wá. Ńṣe ni òfin yìí kò dúró nígbà tó dé ipò ẹyọ. Lẹ́yìn ẹyọ ni ìdámẹ́wàá (ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ̀ dáadáa), ìdá ọgọ́rùn-ún àti ìdá ẹgbẹ̀rún. Póńtì kàn ń tọ́ka sí ibi tí ẹyọ wà ni. Àwọn tó ń wá "ìdá ẹyọ" lápá ọ̀tún rò pé póńtì ni àárín. Ipò ẹyọ ni àárín.

Rúlà iléèwé fi èyí hàn kedere. Láàárín 4 àti 5 sẹ̀ǹtímítà, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ pín àyè náà sí ọgbọọgba mẹ́wàá. Ìlà keje lẹ́yìn 4 ni 4.7.

Kíkà rẹ̀ ṣe pàtàkì. 3.14 ni "mẹ́ta póńtì ọ̀kan mẹ́rin", kì í ṣe "mẹ́ta póńtì mẹ́rìnlá". Ẹni tó bá pè é ní mẹ́rìnlá á rò pé ó ju 3.2 lọ, torí mẹ́rìnlá ju méjì lọ.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Gbé ọ̀rá kajú méjì sórí ìwọ̀n: ọ̀kan 2.45 kílò, èkejì 2.5 kílò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á mú 2.45 torí fígọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Fi òdo gún wọn dọ́gba, 2.45 àti 2.50, ìyàtọ̀ á sì hàn: 0.05 kílò, ìyẹn gíráàmù 50. Bákan náà ni máàkì yunifásítì tó ń lo òṣùwọ̀n 5: 4.49 kò tó 4.5. Àwọn míì sì ń ṣi í lódìkejì. Wọ́n ti gbọ́ pé ìdá ọgọ́rùn-ún kéré ju ìdámẹ́wàá lọ, wọ́n wá rò pé désímà tó bá gùn ló kéré. Olùkọ́ tó fẹ́ mọ irú àṣìṣe tó wà nílẹ̀ lè ní kí wọ́n to 0.43, 0.125 àti 0.6 láti èyí tó kéré jù. Ìdáhùn tó tọ́ ni 0.125, 0.43, 0.6. Ẹni tó to 0.6, 0.43, 0.125 ń ka apá ọ̀tún bí odidi. Ẹni tó gbà á tán lè ṣèèṣì gbà á nítorí gígùn, nítorí náà kó tún fi 0.3 àti 0.37 wéra.

Owó ni wọ́n sábà fi ń ṣe àpẹẹrẹ désímà, owó kan náà ló sì ń dá àṣìṣe sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣirò tó bá gbé 7.5 jáde ń sọ náírà méje àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Náírà méje àti kọ́bọ̀ márùn-ún ni 7.05. Nítorí pé owó kì í kọjá ipò méjì lẹ́yìn póńtì, ọmọ máa ń rò pé póńtì kàn ya owó oríṣi méjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Nínú àròpọ̀, póńtì ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ póńtì, kì í ṣe etí ọ̀tún lábẹ́ etí ọ̀tún. Ẹni tó to 12.5 àti 3.75 ní ìpẹ̀kun ọ̀tún á ro 125 mọ́ 375, á rí 500, á sì kọ 5.00. Ìdáhùn yìí kò tó 12.5 tó fi bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Èyí tó tọ́:

12.50
+ 3.75
16.25

"Fi òdo kan kún un" tí wọ́n ń kọ́ ọmọ fún ìsọdipúpọ̀ mẹ́wàá náà máa ń já a kulẹ̀ níbí. 2.50 kò yàtọ̀ sí 2.5. Fígọ̀ ló ń sún ní ipò kan sí òsì: 25.

Ní ti òògùn, ọ̀ràn náà kọjá máàkì. .5 mílílítà tí póńtì rẹ̀ ṣá lè di 5, ìlọ́po mẹ́wàá, 1.0 lè di 10. Òfin tí àwọn elétò ìlera ń tẹ̀ lé ni pé kí òdo wà ṣáájú póńtì (0.5), kí ó má sì sí òdo lẹ́yìn odidi (1).

Bí ìlànà náà ṣe dé

Àwọn ará Bábílónì ti lo iye ipò pẹ̀lú ọgọ́ta ṣáájú ìbí Jésù. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọgọ́ta ìṣẹ́jú tó wà nínú wákàtí kan lórí aago wa ti wá. Íńdíà ni ètò oní mẹ́wàá ti wá. Brahmagupta kọ òfin ìṣirò òdo sílẹ̀ lọ́dún 628, al-Khwarizmi ṣàlàyé ètò náà ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, Leonardo ará Pisa sì gbé e fún àwọn oníṣòwò Yúróòpù nínú ìwé rẹ̀ ti 1202. Lọ́dún 1585 ni Simon Stevin tẹ ìwé tó jẹ́ kí désímà tàn kálẹ̀ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé kéú ń rí fígọ̀ tó bá wọn tan nínú Àlùkùránì tí wọ́n tẹ̀ ní Mẹ́dínà: ١٠٥ ni 105. Ọ̀tún ni Lárúbáwá ti ń kọ̀wé, síbẹ̀ ipò tó tóbi jù ṣì wà lósì. Òdo wọn jẹ́ ẹ̀kán, márùn-ún wọn ló rí roboto.

Ní Nàìjíríà, owó kò bá désímà rìn títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 tí náírà àti kọ́bọ̀ dé. Ṣáájú ìgbà náà, pẹ́ńsì méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan. Pọ́n-ùn 3, ṣílè 7 àti pẹ́ńsì 9 di 3.3875 pọ́n-ùn lẹ́yìn tí èèyàn bá ti pín 93 sí ọ̀nà 240.

Ibi tí mẹ́wàá kò ti ṣiṣẹ́

Téépù télọ̀ àti ti káfíńtà sábà máa ń pín ìnṣì sí mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún. Ìlà mẹ́rin nínú mẹ́jọ lẹ́yìn 12 jẹ́ 12.5, kì í ṣe 12.4. Lórí máàpù, ìṣẹ́jú ọgọ́ta ló wà nínú dígírì kan. Ọ̀yọ́ wà ní nǹkan bí dígírì 7 àti ìṣẹ́jú 51 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. 51 pín sí 60 jẹ́ 0.85, nítorí náà 7.85. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní nǹkan bí dígírì 8 àti ìṣẹ́jú 8, ìyẹn 8.13. Ẹni tó kọ 8.08 ti sún ìlú náà ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà sí gúúsù. Ẹni tó kọ 8.8 ti gbé e rekọjá Ìlọrin.

Kọ́mà náà ń fẹ́ àkíyèsí níbi tí ààlà bá wà. Ní Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, kọ́mà ni wọ́n fi ń ṣe póńtì. Rìsíìtì tó bá ti ibẹ̀ gba Ṣakí wọlé, tí wọ́n kọ 2,500 kílò sí, lè jẹ́ kílò méjì ààbọ̀.