Òṣìṣẹ́ ìjọba fara pa lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó: báwo lowó ẹ̀ ṣe ń jáde?

Ká sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan dúró ní oríta Ojúẹlẹ́gbà, ó ń darí àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá, aago méje àárọ̀, ni dánfó kan tó fẹ́ já ìlà bá gbá a lẹ́sẹ̀. Eegun ojúgun kán. Wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó di Igbóbì, ọsibítù eegun. Kó tó dìrọ̀lẹ́ gbogbo ọ́fíìsì ti gbọ́, fọ́tò ẹ̀ ti wà lórí WhatsApp, wọ́n ti ń dá ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan jọ, pásítọ̀ ti wá gbàdúrà ní wọ́ọ̀dù. Ẹni kan ṣoṣo tí ò tíì ṣe nǹkan kan ni ẹni tó yẹ kó mú bírò kó kọ̀wé. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí owó tó tọ́ sí ọkùnrin yìí ò sí lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀, kò sí lọ́wọ́ gómìnà, ọ̀dọ̀ àwọn kan ló wà tí wọn ò lè mọ̀ láé pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kán l'Ójúẹlẹ́gbà àyàfi tí ìwé bá dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn yẹn ni NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund), àjọ ìjọba àpapọ̀. Ọdún 1993 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun ló gbapò National Provident Fund tó ti wà láti 1961, àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìntì á rántí. Ṣùgbọ́n òfin tó gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ ni Employees' Compensation Act ti 2010, ìgbà Jonathan, òun náà ló wọ́gi lé Workmen's Compensation Act. Láyé òfin àtijọ́ yẹn, agbanisíṣẹ́ lo máa lọ dojú kọ, ìwọ tí ẹsẹ̀ ẹ kán ni wàá tún máa fa wàhálà pẹ̀lú ẹni tó ń sanwó oṣù fún ẹ. Òfin 2010 ní rárá, kí gbogbo agbanisíṣẹ́, ìjọba o, aládàáni o, máa dá owó sínú àpò kan. Náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tí wọ́n ń san ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 1%. Agbanisíṣẹ́ ló ń san án o, kọ́bọ̀ kan ò gbọdọ̀ jáde lára owó oṣù òṣìṣẹ́ nítorí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i lórí payslip pé wọ́n yọ ọ́, ẹ béèrè.

Sójà ni òfin yìí yọ sílẹ̀, àfi alágbádá tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Kásúà wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n fẹnu lásán gbà síṣẹ́ wà níbẹ̀. Ìyá tó ń gbálẹ̀ títì ní Ìkòròdú Road láàárọ̀ kùtù wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ mọ ẹni tó gbà á síṣẹ́, torí tó bá jẹ́ kọngílá ló ń sanwó fún un, ọwọ́ kọngílá yẹn ni ìwé á ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ìjọba ní Aláúsá.

Àwọn NSITF ò ní bi òṣìṣẹ́ yẹn pé ta ló jẹ̀bi. Kò nílò lọ́yà kó fi hàn pé ọ̀gá ẹ̀ ò fún un ní bàtà tó dáa. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé iṣẹ́ ló wà, ṣé ibẹ̀ ló ti fara pa.

Ó wá ku ìwé, ọjọ́ ló sì ń darí ìwé. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ ọ́ fún agbanisíṣẹ́. Kò dandan kó jẹ́ ọ̀gá pátápátá, sùpáfáísọ̀ tó: orúkọ, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, aago mélòó, kí ló fà á. Tí agbanisíṣẹ́ bá ti gbọ́, ọjọ́ méje lòun náà ní láti fi tó NSITF létí. Lẹ́yìn náà òṣìṣẹ́ ní ọdún kan láti kọ̀wé béèrè owó ẹ̀. Ọdún kan máa ń dà bíi pé ó pọ̀, àmọ́ ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún lẹ́ẹ̀mejì á sọ fún yín bó ṣe ń sáré. Ọjọ́ 14 yẹn ló burú jù torí orí bẹ́ẹ̀dì ni aláìsàn wà. Ìyàwó, àbúrò, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kí ẹnì kan ṣáà bá a gbé lẹ́tà lọ, ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọ̀kan kó mú un bọ̀ wálé. "Ṣebí gbogbo wa la mọ̀" kì í ṣe ìwé.

Ohun míì tún wà. Tí ẹsẹ̀ bá kán l'Ékòó, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan nínú ẹbí á fi sọ pé ẹ gbé e kúrò ní Igbóbì o, wọ́n máa gé e, bàbá kan wà tó ń to eegun ní Ìkòròdú. Àwọn kan ti lọ tí ẹsẹ̀ wọn jinná, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ò ní X-ray, kò ní fáìlì, kò sì lè kọ medical report, bẹ́ẹ̀ ìwé dọ́kítà ni wọ́n máa fi wo bí ara ṣe bàjẹ́ tó. Ẹni tó bá máa lọ, kó kọ́kọ́ ya X-ray ẹ̀ kó sì gba ìwé ẹ̀ dání, ríṣíìtì òògùn náà ńkọ́, kó tọ́jú ẹ̀.

Ti ọ̀nà iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, èyí táwọn èèyàn kì í mọ̀. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láti ilé tí ọkọ̀ wá dànù lórí Third Mainland, òfin kà á mọ́ iṣẹ́, bó ṣe ka ọ̀nà ibi téèyàn ti máa ń jẹun mọ́ ọn. Àmọ́ ó ní kí agbanisíṣẹ́ ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá rò ó wò: èèyàn kó kúrò ní Múṣin ó kọ́lé sí Ìjẹ̀dé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àdírẹ́sì Múṣin ló ṣì wà nínú fáìlì ẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i lọ́nà Ìkòròdú, wọ́n á ní kí ló ń wá débẹ̀.

Owó wá ńkọ́. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé, 90% owó tó ń gbà ni wọ́n máa san fún un: tó bá ń gba ₦100,000 lóṣù, ₦90,000 nìyẹn. Ẹni tí ọwọ́ kan tàbí ẹsẹ̀ kan bàjẹ́ ṣùgbọ́n tó ṣì lè ṣe iṣẹ́ díẹ̀, wọ́n á wo iye tí ìpalára yẹn gé kúrò nínú agbára ẹ̀ láti pawó. Tí wọ́n bá ní ₦40,000 ló gé, 90% ti ₦40,000 yẹn ni, ₦36,000. Ibí làríyànjiyàn ti máa ń pọ̀, torí dọ́kítà kan á rí ẹsẹ̀ tó jinná, ẹni tó ni ín á rí ẹsẹ̀ tí ò lè dúró ní oríta fún wákàtí mẹ́jọ mọ́. Owó ìtọ́jú wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ikú ni, ìyàwó pẹ̀lú ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á máa gba 90%, tó bá jẹ́ ọmọ kan, 85%, tí kò bá sí ọmọ, tí ìyàwó sì ti pé ẹni 50 ọdún, 60%, ti ẹni tí kò tíì pé 50 máa ń dín sí i.

Ẹ má da èyí pọ̀ mọ́ pẹ́ńṣọ̀n. Owó tí òṣìṣẹ́ ti fi pamọ́ sí RSA, ìyẹn àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀, tiẹ̀ ni. Tí ìgbìmọ̀ àwọn dọ́kítà bá ní ara ẹ̀ ò gbé iṣẹ́ mọ́, ó lè gbà nínú ẹ̀ kódà kó má tíì pé 50. Group life náà lọ́tọ̀, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tí agbanisíṣẹ́ ra sílẹ̀, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún, ṣùgbọ́n ikú ló ń ṣí i, kì í ṣe ẹsẹ̀ kíkán.

Nígbà míì ẹnì kan láti ọ́fíìsì á wá sí wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ₦50,000 nínú àpòòwé àti bébà kan, á ní bọ̀ọ̀dá ẹ jọ̀ọ́ ẹ sign níbí, pé ẹ ò ní béèrè nǹkan míì mọ́. Òṣìṣẹ́ ò lè fọwọ́ síwèé pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́, òfin ò ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sí. Ẹni tó ti sign, tí ọdún kan ò bá tíì pé, kó lọ kọ̀wé ẹ̀.