Òdòdó wo rèé? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí mímọ orúkọ ewéko láti inú fọ́tò

Ẹnìkan rí òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà tàbí nínú ọgbà, ó yọ fóònù, ó yà á, ó ń wá orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè náà kúrú. Ohun tó ń mú kí ìdáhùn rẹ̀ pẹ́ ni pé ohun tó dá ewéko kan yàtọ̀ sí ìkejì rẹ̀ kì í sábà sí nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́. Àwọn ìbéèrè tó ń wáyé léraléra la dáhùn síbí.

Fọ́tò mi mọ́ kedere, òdòdó náà sì hàn dáadáa. Kí ló dé tí ẹni tó mọ ewéko tún ń béèrè fọ́tò míì?

Nítorí pé òdòdó nìkan lẹ yà. Ẹ jẹ́ ká mú òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò tó la ẹnu bíi kàkàkí. Ó kéré tán, ewéko mẹ́ta tí wọ́n ń gbìn káàkiri ilẹ̀ olóoru ló ń yọ irú òdòdó yìí: Allamanda cathartica, Cascabela thevetia àti Tecoma stans. Tí wọ́n bá yà á láti iwájú, tí kò sí ewé kankan níbẹ̀, ẹni tó ti ń wo ewéko láti ọjọ́ pípẹ́ lè ṣì í pè.

Ẹ wá sún fóònù sẹ́yìn díẹ̀, kí ewé wọ inú fọ́tò. Ti Allamanda, ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń yọ láti oríkèé kan náà, tí wọ́n á yí igi ká bí irin agboòrùn. Ti Cascabela, ewé rẹ̀ tín-ín-rín, ó gùn, ó ń dán, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń yọ, tí wọ́n ń yí igi lọ sókè. Ti Tecoma, ewé kéékèèké mélòó kan ló tò sára ọ̀pá kan, etí wọn rí bí eyín ayùn, ọ̀pá méjì-méjì sì ń dojú kọra lórí igi. Tí ẹ bá já ewé wọn, Allamanda àti Cascabela á sun oje funfun, Tecoma ò ní sun ún. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀, torí pé oró tó wà lára Cascabela, pàápàá nínú kóró èso rẹ̀, lè dá ọkàn ènìyàn dúró. Ìdí nìyẹn tí ṣíṣi orúkọ pè fi lè léwu nígbà míì.

Fọ́tò mélòó ló tó, kí ni kí n sì yà?

Márùn-ún tàbí mẹ́fà tó yàtọ̀ síra wúlò ju ogún tó jọra lọ. Ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo ewéko náà láti ìdí dé orí, kí a lè mọ̀ bóyá igi ni, ìtàkùn ni, tàbí koríko tó ń fà nílẹ̀. Ẹ ya òdòdó láti iwájú, kí a lè ka àwẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn abala aláwọ̀ mèremère tó ṣí sílẹ̀. Tí iye wọn bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́fà, apá ibì kan là ń lọ. Tó bá jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, apá ibòmíràn ni.

Lẹ́yìn náà ni èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń gbàgbé: ẹ̀yìn òdòdó. Ibẹ̀ ni àwọn ewé kéékèèké tó ká ìrudi mọ́ra kó tó là wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń parí. Ẹ wo Hibiscus àti Abutilon. Inú ẹbí kan náà pẹ̀lú ilá, òwú àti ìṣápá ni àwọn méjèèjì wà, àwọn okùn tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọn sì lẹ̀ pọ̀ di ọ̀pá kan láàárín, bí ẹni tó ti wo òdòdó ilá fínnífínní á ṣe mọ̀. Láti iwájú, wọ́n jọra gan-an. Ẹ yí òdòdó padà: Hibiscus sábà máa ń ní òrùka kejì, àwọn ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká, Abutilon ò ní i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya ojú ewé àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ya oríkèé tí ewé ti so mọ́ igi, ẹ sì ya èso tó bá wà. Ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò kan, ó kéré tán. Láìsí ìwọ̀n, òdòdó mìlímítà 8 àti ti sẹ̀ǹtímítà 8 lè dà bí ọmọ ìyá lórí fóònù.

Òdòdó náà kéré, fóònù mi sì ń ya ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dípò òun fúnra rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn òdòdó náà, kí fóònù má rí ohun mìíràn tó lè fa ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka tẹ òdòdó lórí ojú fóònù. Ẹ má sún mọ́ ọn jù, torí pé ọ̀pọ̀ fóònù kì í ríran kedere mọ́ tí nǹkan bá sún mọ́ ọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6. Ẹ dúró ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ gé etí fọ́tò náà kúrò lẹ́yìn tí ẹ bá yà á tán. Atẹ́gùn náà ń bà á jẹ́: ẹ di igi rẹ̀ mú jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀ òdòdó.

Kí lẹ ń wò lára ewé gan-an?

Ìtò rẹ̀ ni àkọ́kọ́: ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọ, àbí méjì ń dojú kọra, àbí mẹ́ta sókè yí oríkèé kan ká? Ìdáhùn ìbéèrè kan yìí á ti lé ọ̀pọ̀ ẹbí jìnnà.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọn ò mọ èyí tó jẹ́ ewé. Ẹ mú ẹ̀ka róòsì dání. Ohun tó dà bí ewé márùn-ún tàbí méje lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ewé ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo abíyá, ìyẹn ibi tí ọ̀pá ewé àti igi ti pàdé. Abíyá ewé tòótọ́ ni ìrudi máa ń wà, ó lè kéré bí orí abẹ́rẹ́. Kò sí ìrudi ní ìdí àwọn ewé kéékèèké tó wà lórí ọ̀pá yẹn. Torí náà, abíyá ni kí ẹ yà, kó sì mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìka méjì yí igi rẹ̀ wò. Tó bá ní igun mẹ́rin, tí ewé méjì-méjì ń dojú kọra, tí ó sì ń ta sánsán tí ẹ bá rún un, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara ẹbí efinrin. Ẹ má sáré o: igi Lantana náà ní igun mẹ́rin, ewé rẹ̀ ń dojú kọra, ó sì ń rùn tí wọ́n bá rún un, síbẹ̀ ẹbí mìíràn ló ti wá. Igun mẹ́rin kì í fara hàn dáadáa láti ẹ̀gbẹ́. Tí ewéko náà bá pọ̀ níbẹ̀, tí ẹ sì ní àṣẹ, ẹ gé ẹ̀ka kékeré kan kí ẹ ya ojú ibi tí ẹ gé.

Ṣé òótọ́ ni pé ohun tí mo pè ní òdòdó lè má jẹ́ òdòdó?

Òótọ́ ni, ó sì máa ń da kíka àwẹ́ rú pátápátá. Àwọn ohun mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ bíi pépà lára Bougainvillea, ewé ni wọ́n. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni ọ̀pá kékeré tó sábà máa ń funfun lẹ́nu, tó wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn abala pupa ńlá lára Euphorbia pulcherrima.

Òdòdó oòrùn tún ju ìyẹn lọ. Orí kan tí ẹ ń wò yẹn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òdòdó ló péjọ síbẹ̀. Ohun tó dà bí àwẹ́ létí rẹ̀, òdòdó kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹbí rẹ̀, Asteraceae, ní ẹ̀yà tó lé ní 30,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ yẹ́lò tó jọra. Ẹ̀yìn orí òdòdó ni kí ẹ yà fún ẹbí yìí: ṣé ìlà kan ni àwọn ewé kéékèèké tó gbé e ró tò, àbí wọ́n gun ara wọn bí ìpẹ́ ẹja?

Òdòdó mi jẹ́ búlúù, ó sì wá di àlùkò nínú fọ́tò. Àwọ̀ wo ni kí n gbàgbọ́?

Èyí tí ojú yín rí. Ọ̀pọ̀ òdòdó búlúù ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa díẹ̀ tí ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, kámẹ́rà sì ń gbà á sílẹ̀. Ẹ kọ àwọ̀ náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òdòdó funfun ní ìṣòro tiẹ̀: oòrùn gangan á fọ̀ ọ́ di funfun láú, gbogbo ìlà ara àwẹ́ rẹ̀ á sì pòórá. Ẹ fi ara yín ṣíji bò ó, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ kù lórí fóònù.

Síbẹ̀, nínú gbogbo àmì, àwọ̀ ni a kì í gbójú lé jù. Lórí ìdì òdòdó Lantana kan ṣoṣo, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là láàárín lè jẹ́ yẹ́lò kí àwọn tó ti pẹ́ létí sì ti pọ́n. Hydrangea macrophylla kan náà á yọ búlúù nínú ilẹ̀ tó kan (ìyẹn tó ní ásíìdì), á sì yọ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ilẹ̀ tí kò kan.

Áàpù fún mi ní orúkọ, ó ní ó dá òun lójú dé 90%. Kí ló tún kù?

Àyẹ̀wò ló kù. Áàpù ń fi fọ́tò yín wé àwọn fọ́tò tí wọ́n ti fi kọ́ ọ. Kì í ka àwẹ́, kì í wo abíyá. Tí ewéko yín ò bá sí nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, á ṣì mú èyí tó jọ ọ́ jù wá.

Ẹ gé fọ́tò náà kó ku ewéko kan ṣoṣo. Lórí Pl@ntNet, ọ̀kan lára irú áàpù bẹ́ẹ̀, ẹ sọ bóyá ewé ni, òdòdó ni, èso ni tàbí èèpo, kí ẹ sì yan agbègbè ayé tí ẹ wà. Ọ̀nà tó dára jù láti dán an wò ni kí ẹ bi í lẹ́ẹ̀mejì: kí ẹ fi òdòdó nìkan bi í, kí ẹ tún wá fi ewé nìkan bi í. Tí ìdáhùn méjèèjì bá bọ́ sínú ìran kan náà, ìyẹn àkójọ àwọn ẹ̀yà tó sún mọ́ra, a ti rí ibi dúró sí. Tí wọ́n bá yapa, ẹ padà lọ ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá orúkọ náà lórí ìkànnì Plants of the World Online, tí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ń bójú tó, kí ẹ rí ibi tí ewéko náà ti ń hù ní ayé. Ẹ̀yà tó jẹ́ pé orí òkè kan ṣoṣo ló ti ń hù, tí a wá rí nínú igbó erékùṣù tó jìnnà réré sí i, ó ní ohun tí kò tọ́ níbì kan.

Lórí iNaturalist, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé fọ́tò ewéko àti ẹranko sí kí wọ́n lè jọ dárúkọ wọn, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dá sí i tó gbọ́dọ̀ gbà kí orúkọ tó fìdí múlẹ̀. Ẹ má tẹ "mo gbà" nítorí pé áàpù wí bẹ́ẹ̀, torí pé ohùn kan náà ni a kà lẹ́ẹ̀mejì yẹn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n gbin ewéko náà ni, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Inú ọgbà ni tèmi wà. Kí ló dé tí wọ́n kàn sọ pé "róòsì", tí wọn ò sọ èyí tó jẹ́?

Ẹni tó dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe òtítọ́. Róòsì inú igbó sábà máa ń ní àwẹ́ márùn-ún. Ti ọgbà lè ní ogójì, torí pé àwọn okùn tó yẹ kó gbé lẹ́búlẹ́bú ti di àwẹ́. Àmì tí à bá fi mọ̀ ọ́n ti bá a lọ. Wọ́n sì ti fi ẹ̀yà kan gba òmíràn lọ́yún fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé kò sí ẹ̀yà kan tí a lè dárúkọ. Orúkọ tí ẹni tó ń tà á fún un, ara káàdì tó bá a wá nìkan ló wà. Orúkọ ìran ni ibi tí fọ́tò lè mú wa dé.

Ìwé kan pè é ní Vinca rosea, òmíràn ní Catharanthus roseus. Ta ló tọ̀nà?

Ewéko kan náà ni. Láti ìgbà tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1753 ni ewéko ti ń jẹ́ orúkọ méjì-méjì, ti ìran àti ti ẹ̀yà. Tí ìwádìí bá fi hàn pé ẹ̀yà kan kì í ṣe ara ìran tí wọ́n fi í sí, orúkọ rẹ̀ á yí. Bẹ́ẹ̀ ni Cassia alata ṣe di Senna alata. Catharanthus roseus ni wọ́n ń lò báyìí.

Tí orúkọ bá ti dájú nínú fọ́tò, ṣé mo lè jẹ ẹ́ tàbí kí n fi ṣe oògùn?

Rárá. Kárọ́ọ̀tì inú igbó, Daucus carota, àti Conium maculatum tó ń pa ènìyàn, àwọn méjèèjì ló ń yọ òdòdó funfun wẹ́wẹ́ tó tẹ́ bí agboòrùn. Igi ti àkọ́kọ́ ní irun. Ti ìkejì ń dán, ó sì ní àmì tó-tò-tó aláwọ̀ àlùkò. Fọ́tò tí kò mọ́ lè pa irun yẹn rẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ di ewéko náà mú lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Kí ni kí n kọ mọ́ fọ́tò náà tí mo bá fẹ́ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n?

Ohun tí kámẹ́rà ò lè rí: ibi tó wà, oṣù, irú ilẹ̀, òórùn, oje, gíga, àti bóyá ó hù fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kó má baà fún un pọ̀ kí àwọn ohun wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ má sì pòórá. Tí ewéko náà bá ṣọ̀wọ́n, irú bí ọ́kíìdì tí àwọn ènìyàn ń wú tà, ẹ má kọ ibi tó wà gan-an síbi tí gbogbo ayé á ti rí i.

Báyìí ni àkọsílẹ̀ tó dára ṣe ń rí: "Ìtàkùn, ó gun igi dé bíi mítà 2. Ó hù fúnra rẹ̀ létí odò. Ewé ọ̀kọ̀ọ̀kan, etí rẹ̀ kò ní eyín. Oje funfun díẹ̀. Òdòdó là láàárọ̀, ó ti ká lọ́sàn-án. Kò ní òórùn. Oṣù Kẹsàn-án." Ẹni tó bá ka èyí, tó sì rí òdòdó tí àwẹ́ rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ bí àrọ, ti ń ronú sí Ipomoea kó tó wo fọ́tò kejì. Ohun kan ṣoṣo tó máa béèrè ni kí ẹ ya àárín òdòdó náà láti òkè: tí orí okùn àárín bá rí roboto, Ipomoea ni, tó bá pín sí méjì tẹ́ẹ́rẹ́, ó di Convolvulus.